Ẹfun Lójú, Àpò Lọ́wọ́: Àwọn Òṣèré Pierrot Etíkun Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá tí kò mọ orúkọ Hubert Ògúndé. Àwọn ìwé ìtàn eré oníṣe a máa to orúkọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ lẹ́sẹẹsẹ: African Music Research Party ni ní 1945, Ògúndé Theatre Party ni ní 1947, nígbà tó sì di àwọn ọdún 1950, ó di Ògúndé Concert Party. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a há àwọn orúkọ wọ̀nyí sórí nítorí ìdánwò, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè ibi tí orúkọ kẹta yẹn ti wá. Eré onítàn ni Ògúndé ń ṣe, kì í ṣe orin lásán. Kí ló wá fa orúkọ tó dà bí ti àwọn akọrin?

Orúkọ náà ti rìn jìnnà kó tó dé Èkó. Ọ̀dọ̀ àwọn òṣèré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, pàápàá jù lọ àwọn tó ń ṣeré létíkun, tí wọ́n ń fi ohun funfun bí ẹfun kun ojú, tí wọ́n ń wọ aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọrin lórí iyanrìn fún ẹni tó bá lè fún wọn ní kọ́bọ̀ kan. Pierrot ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe lórí ìtàgé, kí ó kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń rí oúnjẹ jẹ. Ọwọ́ tó ń fúnni lówó ló ń darí orin, àwàdà, aṣọ, títí kan ìwà òṣèré lójú pópó.

Pierrot fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Inú eré àwọn aláàrìnjó ilẹ̀ Ítálì ni babańlá rẹ̀ ti jáde, ìránṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Pedrolino. Nígbà tó dé ilẹ̀ Faransé, ó di Pierrot. Òṣèré ńlá kan ní Paris, Jean-Gaspard Deburau, tó kú ní 1846, ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀: ojú funfun báláú, aṣọ funfun, ọkàn tí ìfẹ́ ń dùn, ẹnu tí kì í fọhùn. Ní 1890 wọ́n ṣe eré aláìfọhùn kan ní Paris tí wọ́n pè ní L'Enfant prodigue, ìyẹn Ọmọ Onínàákúnàá, Pierrot sì ni ọmọ náà. Ní 1891 eré yìí dé London. Ọ̀gbẹ́ni Clifford Essex, tó jẹ́ ògbóǹtagí nínú títa okùn báńjò, rí i bí àwọn ènìyàn ṣe gba ti aṣọ yẹn. Lọ́dún náà gan-an ló kó àwọn òṣèré díẹ̀ jọ, ó wọ̀ wọ́n láṣọ Pierrot, ó sì kó wọn lọ sí Henley, níbi tí àwọn ọlọ́lá ti ń wo ìdíje ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lórí odò Thames. Pierrot tí kì í sọ̀rọ̀ ní Paris wá di aláriwo lẹ́bàá Thames; ó ń kọrin, ó ń dápàárá, ó ń lu báńjò.

Aṣọ yìí ò wọ́n, ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kò sì ní í gbàgbé. Ẹ̀wù funfun tó fẹ̀, tí bọ́ọ̀lù òwú dúdú tàbí pupa to níwájú rẹ̀ bíi bọ́tìnnì. Aṣọ aláwẹ́ púpọ̀ tí wọ́n ká yí ọrùn. Fìlà ṣóńṣó tí bọ́ọ̀lù òwú tún wà lára rẹ̀. Láti òkèèrè, ẹni tó ń bọ̀ láti ibùdókọ̀ ojú irin yóò ti mọ̀ pé eré wà.

Ọkọ̀ ojú irin ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé kí òṣèré tó rí owó lórí iyanrìn, èrò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà lórí iyanrìn. Ọdún 1845 ni ojú irin dé Scarborough, ìlú etíkun ní agbègbè Yorkshire. Ní 1871 ìjọba ṣe òfin tó fún àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ní ọjọ́ ìsinmi, ìsinmi náà sì tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn. Ní Lancashire, àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ a máa ti ilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ kan nínú ọdún, ìlú kan lẹ́yìn ìkejì, tí ọ̀pọ̀ àwọn ará ìlú bẹ́ẹ̀ yóò sì forí lé Blackpool. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe olówó. Eré orí iyanrìn, tí ènìyàn lè dúró wò, tó sì lè fi sílẹ̀ lọ nígbà tó bá wù ú, ló bá àpò wọn mu.

Ṣùgbọ́n àwọn Pierrot kọ́ ló kọ́kọ́ gba ibẹ̀. Ní 1843 ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Virginia Minstrels ti Amẹ́ríkà wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó ni gbogbo wọn. Wọ́n a máa jó ìdérí ìgò di èédú, wọ́n a fi èédú náà kun ojú, wọ́n a kun ètè kó lè tóbi, wọ́n a sì máa sín ọ̀rọ̀, orin àti ijó àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n fi ṣe ẹrú jẹ. Ẹ̀rín pa àwọn òǹwòran, owó sì wọlé. Àwọn afarawé wọn kún etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ dúró díẹ̀ níbí. Ní ọdún 1843 yẹn kan náà, ọkọ̀ ẹrú ṣì ń kó ọmọ Yorùbá láti Èkó lọ sí Cuba àti Brazil. Ohun tó jẹ́ ẹkún ní apá kan òkun ni wọ́n fi ń ṣe àwàdà fún ọmọ wẹ́wẹ́ ní apá kejì.

Nígbà tí àwọn Pierrot dé, ẹfun bẹ̀rẹ̀ sí í lé èédú kúrò lórí iyanrìn. Àwọn kan lè rò pé ojú tì àwọn òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣà tuntun ló dé, aṣọ funfun sì dà bí ohun tó mọ́ lójú àwọn ìyá ọlọ́mọ tó ń di owó mú. Ibi tí èédú ti ṣì ń mówó wọlé, wọn kò fi í sílẹ̀: ní ìlú Broadstairs, ẹgbẹ́ elédùú tí wọ́n ń pe olórí rẹ̀ ní Uncle Mack ṣeré létíkun títí di 1938. BBC pàápàá gbé irú eré bẹ́ẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n láti 1958 títí di 1978.

Nínú gbogbo àwọn olórí ẹgbẹ́ Pierrot, ẹni tí ìtàn rẹ̀ kún fún ẹ̀kọ́ jù ni Will Catlin. William Fox ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ní 1894 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré lórí iyanrìn apá gúúsù ní Scarborough, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì di èyí tí wọ́n ń pè ní Catlin's Royal Pierrots. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní láti ní olóhùn òkè, olóhùn ìsàlẹ̀, apanilẹ́rìn-ín, oníjó àti ẹni tó mọ dùùrù tẹ̀ dáadáa. Ìtàgé wọn kò ju pákó tí wọ́n tò lé orí igi lọ. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò sí. Ohùn ẹnu ni wọ́n fi ń bá afẹ́fẹ́ àti ariwo òkun jà. Nítorí náà ni orin wọn fi máa ń ní ègbè tó rọrùn, tí àwọn òǹwòran lè gbè lójú ẹsẹ̀, kí ohùn lè pọ̀. Òkun ló ń pàṣẹ àkókò eré. Bí omi bá ń fà, wọ́n a bẹ̀rẹ̀. Bí omi bá ń kún bọ̀, wọ́n a palẹ̀ mọ́. Bí òjò bá rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sí owó lọ́jọ́ náà.

Ibi tí owó ti ń wá gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn kan a jókòó sórí àga tí wọ́n háyà níwájú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń dúró lẹ́yìn tàbí lórí títì tó ga ju iyanrìn lọ, tí wọ́n ń wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn òṣèré ní láti gbé àpò tàbí àpótí kékeré, kó wọ àárín wọn lọ, kó máa rẹ́rìn-ín, kó máa ṣàwàdà, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá lọ. Iṣẹ́ ìgò ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí nínú ẹ̀ka èdè àwọn òṣèré. Ìtàn kan wà tí àwọn eléré ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ, pé wọ́n a fi eṣinṣin kan sí ọwọ́ òsì ẹni tó ń kó owó. Bí eṣinṣin náà kò bá sí mọ́ nígbà tó bá padà dé, a jẹ́ pé ó ti ṣí ọwọ́ láti jí owó. Bóyá òótọ́ ni tàbí àwàdà, ìtàn náà fi hàn bí kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ṣe pàtàkì tó. Ẹni tó bá mọ bí àwọn onílù wa ṣe máa ń wo ojú olóde kí wọ́n tó ki oríkì rẹ̀ kò ní í ṣàì dá iṣẹ́ náà mọ̀.

Catlin mọ̀ pé àwọn obìnrin ló ń fúnni lówó jù. Ó wá ṣe òfin fún àwọn òṣèré rẹ̀. Òṣèré kankan kò gbọdọ̀ bá ìyàwó tàbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ rìn ní gbangba nígbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ dà bí àpọ́n lójú gbogbo ayé. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ wọ aṣọ Pierrot gba ìgboro kọjá, kí ìrìn wọn lè máa polówó eré. Wọ́n ya àwòrán wọn sórí káàdì, àwọn ọmọbìnrin sì ń rà á. Òfin líle ni fún ọkùnrin tó ní aya nílé, kò sì sí ọ̀rọ̀ ìwà rere kankan nínú rẹ̀, ọjà ni.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Ògúndé yóò rántí ohun kan tó jọ ọ́, tó sì yàtọ̀ sí i pátápátá. Òun náà bá ìṣòro obìnrin àti ìtàgé pàdé. Ní ayé ìgbà náà ní Èkó, òbí kò fẹ́ kí ọmọbìnrin òun di eléré, èyí tó bá sì di eléré, bí ó bá lọ́kọ, ọkọ lè yọ ọ́ kúrò. Ògúndé fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó, àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sì di òpó ẹgbẹ́ náà. Catlin fi ìyàwó pamọ́ kí ẹgbẹ́ lè dúró. Ògúndé gbé ìyàwó sórí ìtàgé kí ẹgbẹ́ lè dúró. Ènìyàn lè bá àwọn méjèèjì wí, ṣùgbọ́n ìdí kan náà ni wọ́n ní.

Kò pẹ́ tí àwọn kánsù ìlú fi rí i pé owó wà nínú iyanrìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òṣèré. Ní ìlú púpọ̀, ṣe ni wọ́n ń lu ibi ìṣeré ní gbàǹjo, tí ẹni tó bá pe iye tó ga jù yóò gbà á fún ọdún kan. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ẹgbẹ́ ń torí rẹ̀ bá ẹgbẹ́ jà. Catlin kò fara mọ́ ọn títí. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, ó kúrò lórí iyanrìn Scarborough, ó kọ́ ilé eré tirẹ̀, Arcadia, sí iwájú òkun náà. Ó tún ní ẹgbẹ́ ní Llandudno àti Colwyn Bay ní ilẹ̀ Wales. Bí ìgbà òtútù bá dé, tí etíkun dá páropáro, àwọn ẹgbẹ́ Pierrot a di aláàrìnjó: wọ́n a gba inú ìlú dé ìlú, wọ́n a ṣeré ní gbọ̀ngàn, wọ́n a sùn ní ilé àgbàwọ̀.

Nígbà tí eré wọ abẹ́ òrùlé, ó yí padà. Ẹni tó ti sanwó lẹ́nu ọ̀nà kò lè sá lọ láàárín orin, nítorí náà a lè ṣe eré kúkúrú, a lè yí aṣọ padà, a lè dákẹ́ díẹ̀ kí àwàdà tó bú jáde. Harry Pélissier gbé ọ̀nà yìí dé òkè. Ẹgbẹ́ rẹ̀, The Follies, ṣeré fún Ọba Edward Keje ní Sandringham ní 1904, wọ́n sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní ilé eré Apollo ní London láti 1908. Wọ́n ń fi àwọn eré ńláńlá ìgbà náà ṣe yẹ̀yẹ́. Pélissier kú ní 1913, kò tíì pé ogójì ọdún.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 1914, àwọn ọkọ̀ ogun Jámánì yọ lójú òkun, wọ́n sì rọ̀jò àgbá lu Scarborough, Whitby àti Hartlepool. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú nínú àwọn ìlú mẹ́ta náà. Òkun tó ń mú òǹwòran wá wá mú ikú wá. Ní 1916 ìjọba fi òfin mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ iṣẹ́ ológun, lọ́dún náà ni wọ́n sì bu owó orí lé tíkẹ́ẹ̀tì eré. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ kìkì ọkùnrin kò rí ọkùnrin mọ́. Obìnrin ní láti wọlé. Àwọn tó lọ sójú ogun kò sì fi eré sílẹ̀. Láti 1915 ni òṣèrébìnrin Lena Ashwell ti ń kó àwọn ẹgbẹ́ akọrin lọ bá àwọn ọmọ ogun ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ọmọ ogun fúnra wọn sì dá ẹgbẹ́ Pierrot sílẹ̀ lẹ́yìn ojú ogun, tí ọkùnrin ń wọ aṣọ obìnrin láti ṣe ipa obìnrin. Lára ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lálẹ́ òní, àwọn kan kò ní í sí lọ́la.

Lẹ́yìn ogun, ó dà bí ẹni pé gbogbo nǹkan yóò padà sípò. Ní 1921 ẹgbẹ́ The Co-Optimists bẹ̀rẹ̀ ní London nínú aṣọ Pierrot, wọ́n sì rí ojú rere àwọn èrò ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1921 yẹn kan náà, Catlin ṣí ilé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ Arcadia rẹ̀ ní Scarborough, ó pè é ní Futurist, ìyẹn ilé ọjọ́ iwájú. Ilé sinimá ni. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn tó lè jókòó sínú rẹ̀. Ọkùnrin tó fi pákó àti báńjò bẹ̀rẹ̀ lórí iyanrìn ti rí ibi tí owó ń lọ. Rédíò BBC bẹ̀rẹ̀ ní 1922. Apanilẹ́rìn-ín tó ń fi àwàdà kan náà rin ìlú ogún wá rí i pé gbogbo ìlú lè gbọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Sinimá tó ń sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e ní ìparí àwọn ọdún 1920. Nígbà tí J. B. Priestley, ọmọ Bradford, kọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ The Good Companions ní 1929, nípa irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tó ń rin ìrìn àjò láàárín ìṣẹ́ àti ìrètí, ohun tó ń lọ sílẹ̀ ló ń kọ nípa rẹ̀. Wọ́n wó Futurist náà ní 2018.

Orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí lápapọ̀, ìyẹn concert party, ti wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó di ìgbà náà. Ní Gold Coast, tí ó di Ghana, ilé ẹ̀kọ́ àti Empire Day, ọjọ́ tí wọ́n fi ń yẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sí, ló fún un láyè. Olùkọ́ kan ní Sekondi, tí wọ́n ń pè ní Teacher Yalley, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú eré yìí ní 1918: ó kun ojú, ó de irun àtọwọ́dá, ó sì ń dá àwọn èrò lára yá. Bob Johnson, tó wo irú eré bẹ́ẹ̀ ní kékeré, dá ẹgbẹ́ The Two Bobs and their Carolina Girl sílẹ̀ ní 1930. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹfun Pierrot ni wọ́n fi kun ojú bí kò ṣe èédú elédùú Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì fi funfun yí ẹnu ká. Ènìyàn dúdú wá ń kun ojú ní dúdú. Àwọn kan ti ní àbùkù ni. Ṣùgbọ́n àwọn òṣèré náà gbà á bí ìbòjú apanilẹ́rìn-ín lásán, wọ́n sì fi bá àwọn ènìyàn wọn sọ ọ̀rọ̀ ilé ayé wọn ní èdè Fante àti Twi. Ìbòjú kan náà ni. Ẹni tó ń fi í rẹ́rìn-ín àti ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín ló yí padà.

Ọ̀rọ̀ kíkun ojú láti fi ẹ̀yà mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́ kò sì jẹ́ tuntun sí Yorùbá. Ní oṣù Kejì 1826, Aláàfin pàṣẹ kí àwọn eléégún apidán ṣeré fún àlejò Gẹ̀ẹ́sì kan, Clapperton, ní Ọ̀yọ́ Ilé. Nínú ohun tí wọ́n fi dá a lára yá ni ẹ̀dá funfun kan tó rù kan egungun, tí òtútù ń mú, tó ń fín aáṣáà, tó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Òyìnbó ni wọ́n ń sín jẹ, lójú òyìnbó, ọdún mẹ́tàdínlógún kí àwọn Virginia Minstrels tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Clapperton fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Ògúndé jogún ọ̀nà méjèèjì. Ní 1947 òun àti ìyàwó rẹ̀ Clementina lọ sí London, ó sì kọ́ ijó òyìnbó níbẹ̀. Ní 1948 ó gbé eré lọ sí Gold Coast. Èyí tó fi èdè Yorùbá ṣe kò tà, nítorí èdè kò yé wọn. Ó tún padà lọ pẹ̀lú Swing the Jazz, orin àti ijó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì rí èrè. Ọwọ́ tó ń fúnni lówó ti fọhùn, bí ó ti fọhùn sí Catlin. Síbẹ̀ ẹni tó bá wo bí eré Ògúndé ṣe ń bẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé kò sọ ti ilé nù. Opening glee ni ó ń pe orin ìbẹ̀rẹ̀ náà, orúkọ tí àwọn ẹgbẹ́ Gold Coast náà ń lò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe ni iṣẹ́ ìjúbà àwọn aláàrìnjó, níbi tí òṣèré ti ń kí àgbà, tó ń sọ ẹni tó jẹ́, tó sì ń sọ ohun tó gbé dé. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ni ní ìjúbà lè fi èyí ṣe àpẹẹrẹ láìṣe àfagùn.

Nígbà tí àwọn ọdún 1960 dé, Ògúndé ti yọ Concert Party kúrò lára orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ògúndé Theatre ni ó kù. Ní oṣù Kẹta 1963, Joan Littlewood gbé eré Oh What a Lovely War jáde ní Stratford, ní ìlà oòrùn London. Ó wọ gbogbo àwọn òṣèré rẹ̀ láṣọ Pierrot, wọ́n ń kọ orin àwọn ọmọ ogun 1914, iye àwọn tó kú sì ń kọjá lórí pátákó oníná lókè orí wọn.